Omi Ìgò Mẹ́rin

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá mi ń kọ́? Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbí ló mú lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Ó ní ẹ ṣì ń wọ inú kànga bí ọ̀dọ́mọkùnrin, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sinmi, ẹ ó ka èébú mọ́ ọn lórí. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ara mi le, àfi òtútù tó fẹ́ gbé mi lọ. Orí ilé ìfọṣọ kan ni yàrá mi wà. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ wọn ti ń mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ooru wọn ni mò ń yá, n ò lè bú wọn. Tí mo bá kúrò ní kíláàsì, mo máa ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wa kí n fi rí owó ilé san.

Ẹ ní àwọn èèyàn ń bi yín ohun tí mò ń kọ́, ẹ ò sì rí èsì fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ máásítà ni, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká. Tí ilé iṣẹ́ kan bá da ìdọ̀tí sílẹ̀, àwa la ó tọpa ibi tó gbà wọnú ilẹ̀, tí a ó sì wá bí kò ṣe ní dé ẹnu èèyàn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ń ṣe? Ẹ̀yin ń gbẹ́ kànga, èmi ń ṣọ́ ọ.

Èyí ló mú kí n kọ̀wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi ní kí n yan ibi tí mo mọ̀ dáadáa. Àdúgbò wa ló wá sí mi lọ́kàn, nítorí àgbàlá tí Ọ̀gá Olójé ti ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò ògbólógbòó. Májèlé ni òjé yẹn, Bàbá. Kì í pa èèyàn lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ eegun, ẹni tó sì wọ̀ lára lè máa rò pé ó kàn rẹ òun ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dé inú omi wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgò mẹ́rin tí mo fi rán nọ́ọ̀sì, ẹ pọn omi sí wọn. Ọ̀kan láti kànga ilé wa, ọ̀kan láti ti télọ̀ iwájú ilé, ọ̀kan láti ti ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan láti èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lókè, tó jìnnà sí òjé. Ti òkè yẹn la ó fi wọn àwọn yòókù. Ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ má sè é. Bí omi bá ṣe rí ni kí ẹ bu ú.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ ní inú ń run wọ́n. Ṣé ó ti lọ?

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ẹnjiníà mi,

O ṣeun tí o kọ̀wé. Gbogbo wa wà dáadáa. Mo ka lẹ́tà rẹ sétí ìyá rẹ, nígbà tí mo dé ibi òtútù, ó dìde lọ wá ṣúẹ́tà tó ń hun fún ọ kó lè rí nǹkan fi ránṣẹ́. Apá kan ló parí. Ó ní abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ń já bọ́ lọ́wọ́ òun láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní arúgbó ti ń dé, ó sì sọ abẹ́rẹ́ lù mí.

Ọmọ yìí, o gbójú o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọ inú ilẹ̀. Mo lè fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kí n sọ iye ìwọ̀n tí omi fi jìnnà. O wá ní kí n pọn omi sínú ìgò, kí àwọn tí kò gbẹ́ ihò rí ní ayé wọn wá sọ fún mi bóyá kànga mi dára. Ó dáa, mo gbà. Ìwọ ni ọ̀gá báyìí.

Ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, yóò bá wa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ. Mo fi ìka ara mi kọ orúkọ kànga kọ̀ọ̀kan sí i lára. Wọ́n mọ́ gaara, wọ́n ń dán. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ yóò rí i pé ọmọ ẹni tó mọṣẹ́ ni ọ́.

Má jẹ́ kí ó pẹ́ kí o tó fèsì, nítorí ẹnu ti ń kùn ládùúgbò. Wọ́n ní omi ti ní ìtọ́wò kan, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan irin. Ilé mẹ́fà ti dáwọ́ dúró, oní-táńkà, ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé omi tà, ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó télọ̀ kọjá níwájú mi pẹ̀lú garawa lórí, kò lè wò mí lójú. Kànga tí èmi fi ọwọ́ mi gbẹ́! Ó dùn mí gan-an.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo òjé kì í ṣe tèmi nìkan, a máa ń tò fún un ni.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. A wo ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí òjé kankan nínú wọn. Omi yín mọ́ ju èyí tí mò ń mu níbí lọ. Nígbà tí mo rí i, mo jókòó sórí àga yàrá àyẹ̀wò, mo sunkún. N ò mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé èsì sínú àpòòwé yìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ẹ fi pa àwọn tó ń kùn lẹ́nu mọ́.

Ohun kan wà ṣá tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ, tó ń jẹ mí lọ́kàn. Kànga kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n iyọ̀ àti irin tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí dọ́gba láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìyá kan ló bí wọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé inú kànga tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò ni ẹ ti pọn ọ̀kọ̀ọ̀kan? Mo kàn ń bèèrè ni. Ẹ fún mi lésì kíákíá, nítorí oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ẹnjiníà, ẹni tó gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀,

Orí mi wú! Mo gbé ìwé rẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó kan igi yí i ká, ó fi gíláàsì sí i. Ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ló wà báyìí, níbi tí kò sí ẹni tó lè wá pọn omi tí kò ní rí òǹtẹ̀ pupa yẹn. Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti padà. Ìyàwó télọ̀ wá bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀. Oyún ti wà nínú rẹ̀, mo ní kó dìde. Ọ̀gá Olójé pàápàá wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọmọ mi ti fọ orúkọ òun mọ́. Oní-táńkà ò kí mi mọ́.

Ìbéèrè tí o bi mí yẹn, kò yé mi. Ṣé òpùrọ́ ni o ń pe bàbá rẹ ni? Mo ní mo bu omi. Omi náà dára. Kí ni àríyànjiyàn tún wà fún?

Ìyá rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ láti ọrùn-ọwọ́, bó bá nà án, ńṣe ló ń so kọ́. Inú ṣì ń run ún, ó sì máa ń gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ láàárín ọ̀rọ̀. Dókítà kékeré tó wà lójú ọ̀nà ní àgbà ni. Ó ní kó máa mu omi púpọ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń pọn ọ́n fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ife ńlá mẹ́rin lójúmọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún Màmá ní omi kànga yẹn mọ́. Lónìí. Kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí parí.

Mo pe tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, wọ́n ní wáyà ti já. Nínú ìwé tí mò ń kà níbí, àwòrán ọwọ́ kan wà tó rọ̀ láti ọrùn-ọwọ́. Inú rírun wà níbẹ̀, ìgbàgbé wà níbẹ̀. Ẹ ní kí Màmá la ẹnu. Ẹ wo èrìgì wọn, níbi tó ti pàdé eyín. Ṣé ìlà kan wà níbẹ̀ tó dúdú bí aró?

Mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ ti pọn omi yẹn, Bàbá? Ẹ sọ fún mi. N ò ní bínú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ èsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ya á.

Ìlà náà wà níbẹ̀.

Inú kànga òkè ni mo ti pọn ọ́n. Gbogbo rẹ̀. Ṣé o rí i, mo kọ́kọ́ pọn ti ilé wa bí o ti wí. Mo gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, omi náà pọ́n díẹ̀, nǹkan kan sì rọra ń balẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo rò ó pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kò mọ̀ mí rí yóò gbé e sókè bẹ́ẹ̀, yóò sì bi ọ́ pé ta ló gbẹ́ kànga yìí, ìwọ yóò sì ní bàbá mi ni. Mo dà á nù. Mo gun òkè lọ, mo pọn omi tó dára. N ò fi ṣe irọ́ o. Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé iṣan kan náà ni omi àdúgbò kan ń tọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti bu ú. Mo ti gba èyí gbọ́ láti kékeré. Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo tún gbà á gbọ́ sí i.

Mo ti dáwọ́ omi náà dúró fún ìyá rẹ láti ọjọ́ tí mo rí lẹ́tà rẹ. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń fa òjé jáde lára, wọ́n ń retí rẹ̀ láti ìlú mìíràn.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan. Oṣù kẹsàn-án ò jìnnà mọ́. Jẹ́ kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ ná, kí o tó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi náà yóò wá ọ̀nà tí n ó fi bá àdúgbò sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Ṣé o gbọ́ mi?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo ti sọ fún un. Àárọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé ni mo lọ. N ò tíì bọ́ kóòtù òjò mi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Wọ́n ti fagi lé iṣẹ́ mi. Kò sí pé mo ń dúró níwájú ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó láti mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n lé mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò jágbe mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé ilé mélòó ló ń mu omi náà. Mo ní mọ́kànlélógún. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Mo sọ fún yín pé n ò ní bínú. Mo purọ́. Inú ń bí mi gan-an. Ẹ ní kí n dúró di oṣù kẹsàn-án! Ife mélòó nìyẹn, Bàbá? Fún ìyàwó télọ̀ tó lóyún, ife mélòó? Òǹtẹ̀ tó gbé wọn padà sídìí kànga, ọwọ́ mi ló ti wá. Èmi náà jẹ̀bi: mo rí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, mo sì jẹ́ kí ìwé náà jáde nítorí pé ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀.

Bébà tuntun ló wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó sọ pé ìwé àkọ́kọ́ ò níye lórí mọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má mu nínú àwọn kànga ìsàlẹ̀ títí a ó fi rí omi wọn gan-an yẹ̀ wò. Ẹ yọ ti ara ògiri. Ẹ pe gbogbo ilé jọ, kí ẹ kà á sí wọn létí. Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe, nítorí bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà gbọ́. Wọn yóò bi yín pé èwo ni ká mú nínú ìwé méjì tí òǹtẹ̀ kan náà lù. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn ìyẹn.

Mò ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀dógún, oṣù kẹjọ

Bàbá,

Kò sí èsì. Báwo ni Màmá? Ṣé abẹ́rẹ́ náà ti dé? Ṣé ẹ ti kà á fún wọn? Ẹ kàn kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá sórí bébà kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo rí méjèèjì gbà. Jókòó kí o tó ka èyí.

Ìyá rẹ ti lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Abẹ́rẹ́ dé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé. A ti sin ín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró dè ọ́, àwọn èèyàn ló sáré ṣe é, èmi ò ní agbára láti bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, omi ló ń bèèrè. Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ó ní kò ládùn. Ó ní kí n lọ pọn omi wa wá fún òun. Mo ní rárá. Ó wò mí, ó ní, “Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́, tí o fi ń fi omi tí o gbẹ́ fún mi dù mí?” Títí tó fi lọ, n ò sọ fún un. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ò lè sọ ọ́.

O bèèrè bóyá mo ti ka bébà náà. N ò ní purọ́ fún ọ mọ́: n ò tíì kà á. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, gbogbo àdúgbò pé sí àgbàlá wa. Mo ní ìgbà yìí ni. Mo ti mú bébà náà dání, àpò ẹ̀wù mi ló wà. Ni télọ̀ bá kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí gbogbo èèyàn wo ọkùnrin yìí, pé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí, pé nígbà tí àwọn ń ṣiyèméjì lórí omi rẹ̀, ìwé ọmọ rẹ̀ láti òkè òkun jẹ́rìí sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọmọ mi. Nílé ọ̀fọ̀. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jókòó.

Mo ti fi pákó bo kànga tiwa. Mo ní ògiri inú rẹ̀ fẹ́ wó, pé mo fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí lọ sí ti télọ̀. Ìwé ara ògiri, mo gbé e wọlé. Lọ́jọ́ kejì ni télọ̀ wá yá a, ó ní kí àwọn gbé e kọ́ sí ti àwọn, nígbà tó jẹ́ pé èmi náà ló gbẹ́ ẹ. N ò mọ ohun tí mo lè wí tí n ò fi ní fún un.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ó di dandan. Jẹ́ kí ọ̀fọ̀ yìí lọ sílẹ̀ díẹ̀.

Lówùúrọ̀ òní, ìyàwó télọ̀ wá kí mi. Ikùn rẹ̀ ti yọ gan-an, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí kó tó lè jókòó. Ó rí i pé n kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná, ó ní ó kéré jù kí n mu omi. Ó ti gbé omi kànga wọn dání láti ilé nínú korobá kékeré. Ó bu ife kan fún mi, ó sì bu ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó ní kí n má baà dá mu. Ó mú ife tirẹ̀ dání, ó ń dúró dè mí. Ẹnu mi là. Mo wo ojú rẹ̀, mo dúpẹ́, a sì jọ mu ún.

Bàbá rẹ.